Ẹni Tí Ìyá Mi Ń Kúnlẹ̀ Fún

Ní ọdún kejì tí ìyá mi dé Douala, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Kò sí àìsàn kankan tí wọ́n rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí, àtọ̀gbẹ kò sí. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ la sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ní Ìwó, èlùbọ́ ló ń ṣe tà. Ó ń bẹ iṣu, ó ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, ó ń rù ú lọ sórí àpáta lọ sá, bí òjò bá sì ṣú, á tún sáré rù ú bọ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, Bọ̀ọ̀dá Sàlísù tó jẹ́ àkọ́bí wa ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ìyá wa máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa kó wá sinmi. Ọ̀dọ̀ èmi Kàbírátù ló dé sí ní àdúgbò Kotto, nítorí pé èmi ni mo ní yàrá tó ṣófo.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó dé ọwọ́ Ìyá tí ẹnìkan kò gbà. Bó bá mú ìgbálẹ̀, mo gbà á. Bó bá ní kí òun bu omi àlùwàlá, a ti bù ú wá. Bó bá jáde sí títì pẹ̀lú búrẹ́dì kan ṣoṣo lọ́wọ́, Yorùbá yòówù tó bá pàdé rẹ̀ á já a gbà: "Háà, Ìyá! Ẹ̀yin gbé ẹrù, àwa wà níbí? Ẹ mú un wá jàre. Ẹ̀mí yín á gùn." Gbogbo ayé ló ń bá a tọrọ ẹ̀mí gígùn. Wọ́n ń tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu, wọ́n ń fi ọwọ́ gba ohun tó lè mú kó gùn. Oúnjẹ rẹ̀ náà, ògì láàárọ̀, ògì lálẹ́, kí eyín rẹ̀ má baà ṣe wàhálà.

Ó kọ́kọ́ di pé tó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ó ní láti di ògiri mú kó tó dìde. Ó di pé orí àga ló ń kírun. Lẹ́yìn náà ló ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọ inú rẹ̀, bó bá sì fẹ́ dìde láti ọjọ́ náà, ènìyàn méjì ló ń fà á lápá.

Bọ̀ọ̀dá mi wá. Òun ni Ọlọ́run gbé sókè nínú wa. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń kó wọlé, Bonapriso ló ń gbé, nínú ilé tó ní ọdẹ lẹ́nu géètì. Ó ra kẹ̀kẹ́ alága bọ̀, èyí tí wọ́n ń ti arọ kiri nínú rẹ̀. Tuntun ni, ó ń dán. Ó dúró sí àárín ilé, ó na ọwọ́ bí ẹni ń ṣe wáàsí.

"Ìyá mi, àyànfẹ́ bàbá mi, ẹ ti rìn tó láyé. Ẹsẹ̀ yín kò ní tẹ ilẹ̀ mọ́ láéláé! Bí a bá ti ṣe Iléyá tán, ẹ̀ ń bá mi lọ sí Bonapriso. Nọ́ọ̀sì á máa wẹ̀ yín, nọ́ọ̀sì á máa gbé yín."

Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Èmi ò ṣe é.

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ mọ́, òkú ni."

"Kàbírá, ẹnu rẹ!"

"Ẹnu mi náà nìyẹn."

Ìyá ń wo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò pè. Ó ní, "Tí mo bá wà nínú èyí, báwo ni mo ṣe fẹ́ kí ọkọ mi?"

Bàbá wa ti kú. Ẹni tí Ìyá ní lọ́kàn ni Bàbá Kékeré, Ṣàmsídéènì, àbúrò bàbá wa tó kẹ́yìn pátápátá. Wọ́n gbé ìyá mi wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó nígbà tí Bàbá Kékeré ṣì ń rá kòrò nínú agbo ilé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó náà ló máa nu ìdí rẹ̀. Ìyá kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Eyínfúnjowó ló sọ ọ́. Ó pọ̀n ọ́n títí ó fi lè gbé agbè lọ sódò, síbẹ̀ bó bá jí láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí i. Bàbá Kékeré ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ó ń ta bàtà òkìrìkà lẹ́bàá títì ní Japoma. Eyín mélòó kan ló kù lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó náà ni Ìyá ṣì ń pè é.

Lẹ́yìn tí Bọ̀ọ̀dá lọ, mo kan ilẹ̀kùn Brigitte. Aládùúgbò mi ni, ọmọ ẹ̀yà Bamiléké níbí. Kiné ni, àwọn tó ń kọ́ ẹsẹ̀ àti apá tó ti rọ ní iṣẹ́ padà. Ilé ìwòsàn àwọn olówó ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kì í lọ bá a tẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń gùn. Bó ṣe rí ìyá mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da Faransé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń fa òmíràn bí ọkọ̀ ojú irin.

"Brigitte, pardon," mo ní. "Bá mi sọ ọ́ bí ìgbà tí ò ń ná ẹja."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé itan ìyá mi. Ó tún gbé e lé itan èmi fúnra mi.

"Kí lo rí?"

"Tèmi le. Tiẹ̀ dà bí ìrọ̀rí tí òwú inú rẹ̀ ti lọ."

"Ẹran ló lọ. Ara kì í bọ́ ohun tí a kò lò. Tí ọ̀dọ́ bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹran rẹ̀ á lọ, á tètè padà. Ti àgbàlagbà, ó ń yára lọ, ó ń lọ́ra padà."

"Ó ń padà?"

"Ó ń padà. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ti mú àwọn tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ti ohun tó wúwo, díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn le padà."

Mo bi í léèrè oògùn tí wọ́n ń polówó lórí fóònù, èyí tí wọ́n ní èèyàn á lò tí kò ní darúgbó mọ́. Ó ní, "Wọ́n ń fi oògùn oríṣiríṣi dán eku wò, òmíràn nínú àwọn eku náà sì ń pẹ́ láyé. Ti èèyàn, wọn ò tíì mọ̀. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀, ọjà ló ń tà."

Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ní kí a jáwọ́ nínú ògì nìkan, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja ni kí Ìyá máa jẹ. Ó ní kí Ìyá máa dìde lórí àga, kó jókòó, kó tún dìde, ní gbogbo àárọ̀. "Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ máa gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ìfẹ́ ni," mo ní.

"Ashia," Brigitte dáhùn, ìyẹn "pẹ̀lẹ́" lẹ́nu àwọn ará ibí.

Ìyá ò ṣe é. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ Brigitte, ó jókòó, ó wò wá. "Dìde, jókòó, dìde, jókòó. Ohun tí tíṣà máa ń fi olè ṣe nìyẹn. Kí ni mo jí?" Brigitte gbé ìgò omi fún un pé kó máa nà án sókè. Ó gbà á, ó mu omi inú rẹ̀, ó dá ìgò padà. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi."

Èmi náà pariwo. Mo sọ fún un pé bí kò bá ṣe é, inú kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń lọ. Ó ní ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni. Nígbà tí ìyá mi bá ti gbé Ọlọ́run síwájú báyìí, kò sí ẹni tó lè yí i.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Kékeré wá kí wa. Ó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó ní, "Ìyàwó wa ńkọ́?" Kí n tó yíjú, Ìyá ti di apá àga mú lọ́tùn-ún lósì. Ó gbé ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó gbọ̀n, kò lè lọ sílẹ̀ mọ́, kò sì lè padà sókè. A sáré dì í mú. Bí ó ṣe jókòó padà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó. Ẹ dárí jì mí. Mo ti di aláìmọ̀wàáhù."

"Ẹ̀yin kẹ̀!" Bàbá Kékeré ní. "Ta ló ń retí ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ yín?"

Brigitte wà níbẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n itan ni ojú rẹ̀ wà. Ó gún mi ní ìgúnpá. "Ṣé o rí i? Ó dìde. Ẹnikẹ́ni kò fà á."

Mo rí i. Mo bá Bàbá Kékeré jáde lọ síbi tí ó ti fẹ́ gun ọ̀kadà, bẹnskin tí wọ́n ń pè é níbí, mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá Kékeré, ẹ máa wá gba ìkíni ní gbogbo àárọ̀."

"Láti Japoma? Ṣé o mọ ọ̀nà tó wà níbẹ̀? Kí arúgbó tó pọ̀n mí lè máa kúnlẹ̀ fún mi? Kàbírá, àwọn èèyàn á ní orí mi ti dàrú."

"Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n á ní ìkà ni mí."

"Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀yin nìkan ló lè gbé e dìde. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún ń kúnlẹ̀ fún."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ dídùn kankan kún un, nítorí mi ò ní in. Ó gun bẹnskin, ó lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyàwó wa ńkọ́?"

Ó mọ iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ lásán, "ẹ̀yin" ló ń pe ìyá mi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sórí àga tó káwọ́ sórí itan, ó di "ìwọ". Brigitte to tìmùtìmù jọ síwájú àga Ìyá, kí ilẹ̀ má baà jìnnà sí orúnkún rẹ̀, ó sì ń yọ ọ̀kan kúrò bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń le. Inú ń bí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. "Kí obìnrin arúgbó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó ń ta bàtà! Kàbírá, ìtìjú ni." Mo ní kó wo ojú ìyá mi. Ó wò ó, ó sì tún tìmùtìmù náà tò.

Lọ́jọ́ kan Ìyá tẹ orúnkún díẹ̀, ó fẹ́ jókòó padà.

"Ṣé ìkíni nìyẹn?" Bàbá Kékeré ní. "Ìkíni àwọn Faransé lo kí mi. Bonjour lásán."

"Eyínfúnjowó, ẹnu tí eyín ti kó ẹrù jáde nínú rẹ̀ ló ń bú mi?"

"Eyín lọ, ọkọ kò lọ. Kúnlẹ̀ dáadáa."

"Ọkọ tí mo nu ikun rẹ̀."

"O nù ún, mo dúpẹ́. Orúnkún náà kò tíì kanlẹ̀."

Ó ń bú u, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti kanlẹ̀, Bàbá Kékeré á kì í ní oríkì rẹ̀, á ní kó dìde, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí kò lè wo bó ṣe ń gbọ̀n. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó máa ń nu ojú rẹ̀ kó tó jáde.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí Hájíà Màríyàm, Ìyá Àdínì wa, yà wá kí Ìyá. Ó bá wọn ní ibi tí orúnkún Ìyá wà nílẹ̀, tí ọkùnrin jókòó sórí àga, tí èmi dúró láìṣe ohunkóhun.

"Lá ìláà! Kàbírátù! Ìyá rẹ nìyí nílẹ̀!"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Òun ni."

"O ò fà á dìde?"

"Mi ò ní fà á dìde, mà."

"Ṣàmsídéènì, ìwọ tó yẹ kó o máa múra ikú! Ta ni yóò kírun sí ọ lára?"

"Ẹni tó bá wà láyé nígbà náà, Hájíà," Bàbá Kékeré dáhùn.

Ọjọ́ yẹn kò tíì parí tí ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi ìpàdé àsàlátù, láti ibẹ̀ ó dé ọjà, láti ọjà ó dé Bonapriso. Wọ́n ní mo fi ìyá mi ṣe ẹrú àbúrò bàbá mi. Àwọn kan kò ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá Kékeré kò sọ èyí fún mi, Brigitte ló gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gbé ní Japoma. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún dé. "Ìyàwó wa ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá Sàlísù kò dúró de Iléyá. Ó wá ní ọjọ́ Jímọ̀, ó wọ agbádá léèsì, awakọ̀ rẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ alága náà tẹ̀ lé e, nítorí pé mo ti gbé e padà ránṣẹ́ sí i. Ó bá Ìyá ní orí ilẹ̀. Kò sí tìmùtìmù kankan mọ́ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, sìmẹ́ńtì ni. Ìyá fúnra rẹ̀ ló tì wọ́n sẹ́yìn pé wọ́n ń dí òun lọ́wọ́.

"Bàbá Kékeré! Ẹ ò lójú àánú ni?" Ó nawọ́ láti gbé e.

"Sàlísù, dúró níbẹ̀."

"Ìyá mi ni!"

"Ìyàwó mi ni. Kó tó di ìyá rẹ ló ti jẹ́ ìyàwó mi. Tí o bá fọwọ́ kàn án, ìwọ lo máa dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí di àṣálẹ́."

Bọ̀ọ̀dá mi di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Èmi náà ti na ọwọ́ sí Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa: kí àgbà wà nílẹ̀, kí á dúró, ara Yorùbá kò lè gbà á. Brigitte di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fún un. Gbogbo wa ń wo obìnrin kan.

Ìyá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ara rẹ̀. Ó mí. Ó tì, kò lọ. Mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá mi ń ka Kúlúwálàhù lábẹ́ ẹnu. Ìyá tún mí, ó ní "Bísímílà", ó tì. Itan rẹ̀ gbọ̀n, gèlè rẹ̀ yọ̀ sórí ojú, ìdí rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ó nàró. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Bàbá Kékeré ní, "O ṣeun, ìyàwó mi. Wà á gbó, wà á tọ́."

Ìyá kò wò ó. Bọ̀ọ̀dá mi ló yíjú sí.

"Sàlísù, láti ìgbà tó o ti wọlé, o ò tíì kí mi."

"Ìyá, ẹ má bínú, ẹ kú..."

"Ìdúró lo ti fẹ́ kí mi?"

Bọ̀ọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbádá léèsì rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Láti dìde ló wá di ọ̀rọ̀. Ó ti sanra, inú mọ́tò ló ń gbé, kò sí àtẹ̀gùn tó ń gùn ní Bonapriso. Ó gbé àyà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé orúnkún, agbádá dì í mú. Ó ń mí bí ẹni tó sáré. Awakọ̀ rẹ̀ ṣí ẹsẹ̀ láti wá gbé e, Bàbá Kékeré na ìka sí i pé kó dúró.

Ìyá ló tẹ̀ síwájú. Ó na ọwọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá mi kọ́kọ́ kọ̀, ó ní, "Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ló yẹ kí n gbé." Ìyá ní, "Di ọwọ́ yìí mú, ọmọkùnrin yìí, ilẹ̀ tutù." Ó dì í mú. Ìyá fà á, Bọ̀ọ̀dá náà tì, ó dìde. Nígbà tí àwọn méjèèjì nàró tán, wọn ò fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Kò gbé e lọ sí Bonapriso. A fi kẹ̀kẹ́ náà ta obìnrin kan lọ́rẹ tí ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá ń kírun nílẹ̀ báyìí, ó ń lọ ra búrẹ́dì fúnra rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi búrẹ́dì náà nà án lọ́wọ́. Ó kan Hájíà Màríyàm náà lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà ni Hájíà ti ń bi Brigitte ní ọ̀rọ̀ nípa orúnkún tirẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi kún ọjọ́ ayé ìyá mi. Brigitte náà ní òun kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń dá lọ sí balùwẹ̀, ó ń dá bọ̀, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti inú yàrá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Brigitte tó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ná ẹja. Ti Bàbá Kékeré, mo wá ọ̀rọ̀, mi ò rí èyí tó tó. Mo lọ sí Japoma, mo kúnlẹ̀ níwájú bàtà òkìrìkà rẹ̀. Ó ní kí n dìde, àwọn oníbàárà ń wò. Ó mú bàtà kan, aláwọ̀ búlúù, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀.

"Gbé e fún ìyàwó mi," ó ní. "Sọ fún un pé mo ń bọ̀ lọ́la. Kó má sùn gbàgbé."